Ìkọ́ àti Ìdìpọ̀ Sọ́fítíwià Ohùn Olórísun-ṣíṣí

Ìkọ́ àti ìdìpọ̀ ni iṣẹ́ méjì tí ó wà láàárín ẹni tí ó kọ ètò kọ̀ǹpútà fún gbígba ohùn sílẹ̀, títún un ṣe tàbí pípa á mọ́, àti ẹni tí yóò lo ètò náà. Ìkọ́, tí a mú orúkọ rẹ̀ láti ara kíkọ́ ilé, ni sísọ kóòdù orísun tí ènìyàn lè kà di fáìlì tí ẹ̀rọ lè lò. Ìdìpọ̀ ni kíkó àwọn fáìlì náà jọ pẹ̀lú àkọsílẹ̀ ohun tí wọ́n gbára lé, kí a lè gbé wọn sórí kọ̀ǹpútà mìíràn, kí a fi ẹ̀dà tuntun rọ́pò wọn, tàbí kí a yọ wọ́n kúrò láìba ohun mìíràn jẹ́.

Sọ́fítíwià olórísun-ṣíṣí ni èyí tí ìwé àṣẹ rẹ̀ gba ẹnikẹ́ni láyè láti ka kóòdù rẹ̀, láti tún un ṣe àti láti pín in fún ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n àyè láti tún kóòdù ṣe kò wúlò fún ẹni tí kò rí ọ̀nà láti kọ́ ọ, àyè láti pín in kò sì wúlò bí ohun tí a pín kò bá ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ ẹni tí ó gbà á. Ìdí nìyí tí àwọn olùkọ kóòdù fi ní àwọn ìlànà àjùmọ̀ṣe fún iṣẹ́ méjèèjì. Ní Accra, olú-ìlú Gánà, níbi tí a ti ń tọ́jú àkójọ ohùn tí gbígbà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1952, àwọn ìlànà náà kan ìbéèrè pàtàkì kan: ta ni yóò lè ṣí àwọn ohùn wọ̀nyí, kí ó sì gbọ́ wọn, ní àádọ́ta ọdún sí i?

Bí a ṣe ń kọ́ sọ́fítíwià

Kóòdù orísun ètò ohùn kan sábà máa ń jẹ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún fáìlì tí a kọ ní èdè C tàbí C++. Ẹ̀rọ kò lè lò wọ́n bẹ́ẹ̀. Ètò kan tí a ń pè ní kọ̀ǹpáílà ni ó ń túmọ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan sí èdè ẹ̀rọ. Ètò mìíràn, líńkà, ni ó ń so wọ́n pọ̀ di odindi. Ètò ìkọ́, èyí tí a mọ̀ sí build system, ni alábòójútó iṣẹ́ náà. Òun ni ó mọ fáìlì tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ túmọ̀, èyí tí ó yí padà láti ìgbà tí a ti kọ́ ọ gbẹ̀yìn, àti ibi tí a ó kó àbájáde sí.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: kò sí sọ́fítíwià ohùn tí ń dá ṣe gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Audacity, tí Dominic Mazzoni àti Roger Dannenberg bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Carnegie Mellon ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1999, tí ó sì jáde fún gbogbo ènìyàn ní ọdún 2000, jẹ́ àpẹẹrẹ rere. Láíbúrárì wxWidgets ni ó ń yá fèrèsé àti bọ́tìnnì rẹ̀ sójú kọ̀ǹpútà. PortAudio ni ó ń bá káàdì ohùn sọ̀rọ̀. Libsndfile ni ó ń ka fáìlì WAV. FLAC àti LAME ní iṣẹ́ tiwọn lórí fífún fáìlì ohùn pọ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn láíbúrárì wọ̀nyí ní àwọn tí ó kọ ọ́, ẹ̀dà tirẹ̀ àti ètò ìkọ́ tirẹ̀. Bí ẹyọ kan bá ṣàìsí, tàbí tí ẹ̀dà rẹ̀ kò bá bá a mu, ìkọ́ lè forí ṣánpọ́n.

Ìlànà tí ó gbajúmọ̀ jù lọ láti ìgbà pípẹ́ ni àṣẹ mẹ́ta tí a ń tẹ̀ léra wọn: ./configure, make, àti make install. Àṣẹ àkọ́kọ́ máa ń yẹ kọ̀ǹpútà wò láti mọ̀ bóyá kọ̀ǹpáílà wà, bóyá láíbúrárì FLAC wà, àti irú ẹ̀dà tí ó jẹ́. Àṣẹ kejì ni ó ń túmọ̀ kóòdù, tí ó sì ń so ó pọ̀. Ẹ̀kẹta ń kó àbájáde lọ sí ibi tí ó yẹ. Ní ti ibi tí ó yẹ yìí, àdéhùn wà pẹ̀lú: ohun tí ẹni tí ó ni kọ̀ǹpútà bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ yóò wà lábẹ́ /usr/local, ohun tí ó bá ti ọ̀dọ̀ olùdìpọ̀ wá yóò wà lábẹ́ /usr, kí méjèèjì má baà dà pọ̀ mọ́ra.

Ìyẹ̀wò àkọ́kọ́ yẹn ni ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ojú sí jù. Bí láíbúrárì kan bá ṣàìsí, ètò ìkọ́ lè dáwọ́ dúró kí ó sì sọ ohun tí ó nílò. Ṣùgbọ́n ó tún lè máa bá iṣẹ́ lọ, kí ó kàn yọ apá tí ó nílò láíbúrárì náà sílẹ̀. Ẹni tí ó kọ́ SoX, ètò tí Lance Norskog gbé jáde ní ọdún 1991 fún yíyí irú fáìlì ohùn kan padà sí òmíràn, lórí kọ̀ǹpútà tí kò ní LAME yóò rí i pé iṣẹ́ parí láìsí ìṣòro. Ọjọ́ tí ó bá fẹ́ ṣe fáìlì MP3 ni yóò tó mọ̀ pé agbára náà kò sí níbẹ̀.

Ìdàgbàsókè àwọn ètò ìkọ́

Stuart Feldman ni ó kọ Make ní ilé iṣẹ́ ìwádìí Bell Labs ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1976. Make ń wo ọjọ́ àti àkókò tí a tún fáìlì kọ̀ọ̀kan ṣe kẹ́yìn, èyí tí ó bá yí padà nìkan ni ó sì ń tún túmọ̀. Èyí dára lórí ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí Richard Stallman kéde iṣẹ́ GNU ní ọdún 1983 láti pèsè ètò ìṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí ó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, kóòdù kan náà ní láti ṣiṣẹ́ lórí oríṣiríṣi ẹ̀rọ tí ìṣe wọn kò dọ́gba. Láti yanjú ìṣòro yìí ni David MacKenzie ṣe bẹ̀rẹ̀ Autoconf ní ọdún 1991, irinṣẹ́ tí ń ṣe fáìlì configure tí a mẹ́nu bà lókè.

Autoconf lágbára, ṣùgbọ́n ó ṣòro láti kà. Ilé iṣẹ́ Kitware ní Amẹ́ríkà gbé CMake jáde ní ọdún 2000, èyí tí ó lè ṣiṣẹ́ lórí Windows, macOS àti Linux bákan náà; Jussi Pakkanen ti orílẹ̀-èdè Finland gbé Meson jáde ní ọdún 2013 kí iṣẹ́ lè yá, kí àkọsílẹ̀ rẹ̀ sì rọrùn láti kà. Audacity fi Autoconf sílẹ̀ fún CMake ní nǹkan bí ọdún 2020. Ardour, ètò ńlá fún gbígba orin sílẹ̀ tí Paul Davis dá sílẹ̀, lo SCons kí ó tó bọ́ sí waf.

Ọ̀rọ̀ waf fi ìdí tí ìlànà fi ṣe pàtàkì hàn. Àṣà waf ni pé kí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan gbé ẹ̀dà irinṣẹ́ náà dání nínú fáìlì kan, tí apá kan rẹ̀ jẹ́ kóòdù tí a ti fún pọ̀ tí ojú kò lè kà. Àwọn ará Debian kọ èyí, nítorí òfin wọn ni pé gbogbo ohun tí wọ́n bá pín gbọ́dọ̀ ní orísun tí ènìyàn lè kà kí ó sì tún ṣe. Wọ́n ní kí olùdìpọ̀ tú fáìlì náà sílẹ̀ kí ó tó fi ránṣẹ́. Ohun tí àwọn kan kà sí àṣejù nígbà náà wá ní ìtumọ̀ mìíràn ní ọdún 2024, gẹ́gẹ́ bí a ó ti rí i nísàlẹ̀.

Iṣẹ́ olùdìpọ̀

Ènìyàn díẹ̀ ni ó ń kọ́ sọ́fítíwià fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ń gbà á gẹ́gẹ́ bí ìdìpọ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn olùpín bíi Debian, tí Ian Murdock dá sílẹ̀ ní ọdún 1993, tàbí Ubuntu, tí Mark Shuttleworth ti Gúúsù Áfíríkà ṣe agbátẹrù rẹ̀ láti ọdún 2004 tí ó sì dúró lórí Debian. Ìdìpọ̀ Debian jẹ́ fáìlì tí orúkọ rẹ̀ parí sí .deb. Nínú fódà tí olùdìpọ̀ fi kún kóòdù orísun, fáìlì control sọ orúkọ ìdìpọ̀ àti ohun tí ó gbára lé. Rules sọ bí a ṣe ń kọ́ ọ. Copyright sọ ìwé àṣẹ apá kọ̀ọ̀kan. Changelog sì jẹ́ ìtàn àwọn àtúnṣe. Nígbà tí olùlò bá béèrè fún Audacity, kọ̀ǹpútà ka àwọn ohun tí ó gbára lé, ó sì mú gbogbo wọn wá lẹ́ẹ̀kan.

Àríyànjiyàn tí kì í tán láàárín olùkọ kóòdù àti olùdìpọ̀ ni ti ẹ̀dà láíbúrárì. Olùkọ kóòdù fẹ́ràn láti kó àwọn láíbúrárì tí ó ti dán wò sínú iṣẹ́ rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni Audacity gbé ẹ̀dà PortAudio tirẹ̀ dání. Olùdìpọ̀ ń fẹ́ kí gbogbo ètò lo ẹ̀dà kan náà tí ó wà lórí kọ̀ǹpútà, nítorí pé bí a bá rí àléébù nínú rẹ̀, àtúnṣe kan yóò tó fún gbogbo wọn. Ọ̀nà olùkọ kóòdù ń dáàbò bo ìṣedéédé ohùn. Ọ̀nà olùdìpọ̀ ń dáàbò bo kọ̀ǹpútà lápapọ̀, ó sì ń dín iye ohun tí a ń gbà láti orí íntánẹ́ẹ̀tì kù.

Àwọn àfikún ohùn, bí ìgbóhùn-rinlẹ̀ tàbí ìdínkù ariwo, ní ìlànà tiwọn. LADSPA ni ó ṣáájú ní ọdún 2000. LV2 tẹ̀ lé e. Àfikún LV2 kọ̀ọ̀kan jẹ́ fódà kan tí fáìlì manifest.ttl wà nínú rẹ̀, tí ó ń sọ orúkọ àti ibi tí kóòdù wà. Ètò tí ó bá fẹ́ lò ó kàn ní láti wo /usr/lib/lv2 tàbí fódà .lv2 nínú ilé olùlò. Nítorí àdéhùn yìí ni àfikún tí a kọ́ ní ìlú kan fi lè bá Ardour tí a kọ́ ní ìlú mìíràn ṣiṣẹ́ láìjẹ́ pé àwọn méjèèjì mọ ara wọn.

Ìdìpọ̀ ní iye owó pẹ̀lú. Ẹnikẹ́ni lè gba kóòdù Ardour lọ́fẹ̀ẹ́ kí ó sì kọ́ ọ, ṣùgbọ́n àwọn olùkọ rẹ̀ ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ̀dà tí a ti kọ́ tán láti ọ̀dọ̀ wọn. Owó yìí wà lára ohun tí iṣẹ́ náà fi ń gbéra. Òfin náà kan ìdìpọ̀: nítorí ẹ̀tọ́ àwọn olùdásílẹ̀ lórí MP3, ẹni tí ó lo Audacity ní láti wá LAME lọ́tọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ètò gbígba owó lórí ẹ̀tọ́ náà dópin ní oṣù Kẹrin ọdún 2017, Audacity 2.3.2 ti ọdún 2019 sì kó LAME mọ́ra fún Windows àti macOS.

Ẹni tí ó ń kọ́ ètò ni ó tún ń pinnu ohun tí ètò náà yóò máa ṣe. Ní ọdún 2021, lẹ́yìn tí Muse Group gba àbójútó Audacity, àbá kan jáde pé kí ètò náà máa kó ìròyìn nípa bí a ṣe ń lò ó. Àwọn olùlò ta kò ó, wọ́n sì pa àbá náà tì. Àwọn apá tí ń lo íntánẹ́ẹ̀tì, bí yíyẹ̀ wò bóyá ẹ̀dà tuntun ti jáde, wà gẹ́gẹ́ bí àṣàyàn nínú ètò ìkọ́, tí olùdìpọ̀ lè pa.

Ní Accra

Accra ti pẹ́ nínú ìtàn sọ́fítíwià olórísun-ṣíṣí ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ìjọba Gánà àti ti Íńdíà ni wọ́n jọ dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìmọ̀ kọ̀ǹpútà tí a sọ ní orúkọ Kofi Annan sílẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 2003. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2010, ìlú náà gba Idlelo ẹlẹ́ẹ̀kẹrin lálejò, ìpàdé àwọn ará Áfíríkà lórí sọ́fítíwià olórísun-ṣíṣí. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, ibẹ̀ ni PyCon Africa àkọ́kọ́ ti wáyé.

Ohun tí ó so ìmọ̀ yìí mọ́ ohùn wà ní Legon, níbi tí Yunifásítì Gánà wà. Láti ọdún 1952 ni J. H. Kwabena Nketia (1921–2019) ti ń rìn káàkiri orílẹ̀-èdè náà láti gba orin, ìlù àti ọ̀rọ̀ sílẹ̀ sórí téèpù. Àkójọ rẹ̀ ni ìpìlẹ̀ ilé ìpamọ́ tí a fi orúkọ rẹ̀ pè ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìmọ̀ Áfíríkà ti yunifásítì náà. Ní apá ibòmíràn nínú ìlú kan náà, BAPMAF, ilé ìpamọ́ orin ìgbàlódé tí John Collins dá sílẹ̀, jìyà omíyalé tí ó ṣẹlẹ̀ ní Accra ní oṣù Kẹwàá ọdún 2011. Téèpù ń gbó, omi sì ń ba ìwé àti rẹ́kọ́ọ̀dù jẹ́; nítorí náà ni a ṣe ń da ohùn kọ sínú kọ̀ǹpútà.

Dídà á kọ nìkan kò tó. Ìlànà IASA, ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn olùtọ́jú ohùn, ni pé kí ìwọ̀n rẹ̀ má dín ní 48 kHz àti bíìtì 24. Bí a bá lo 96 kHz fún ohùn ẹ̀gbẹ́ méjì, wákàtí kan yóò gba nǹkan bíi gígábáìtì 2 gẹ́gẹ́ bíi WAV. FLAC, tí Josh Coalson gbé ẹ̀dà àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní ọdún 2001, lè dín in kù púpọ̀ láìsọ ẹyọ kan nù nínú ohùn náà. Kóòdù FLAC wà fún gbogbo ènìyàn, àjọ IETF sì tẹ àpèjúwe rẹ̀ jáde gẹ́gẹ́ bí RFC 9639 ní oṣù Kejìlá ọdún 2024. Ilé ìpamọ́ tí ó bá pa ohùn mọ́ ní FLAC, tí ó sì pa kóòdù orísun àti àkọsílẹ̀ ìkọ́ rẹ̀ mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ti fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àpótí. Èyí tí ó gbára lé ètò tí ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo lè kọ́ wà ní ọwọ́ ilé iṣẹ́ náà.

Ọ̀nà tí ìdìpọ̀ ń gbà dé ìlú náà ṣe pàtàkì pẹ̀lú. Láti ọdún 2005 sí 2011, ètò ShipIt ti Ubuntu fi sídíì ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ sí ẹni tí ó bá béèrè níbikíbi, èyí sì ran àwọn tí íntánẹ́ẹ̀tì wọn kò yá lọ́wọ́. Lónìí, ọ̀pọ̀ olùlò ní Accra ń ra dátà níwọ̀n-níwọ̀n lórí fóònù. Ìdìpọ̀ Debian tí ó pín láíbúrárì lò pẹ̀lú àwọn ètò mìíràn lè jẹ́ mẹ́gábáìtì díẹ̀; Flatpak, tí ó ń gbé ayíká tirẹ̀ wá, lè béèrè fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún mẹ́gábáìtì nígbà àkọ́kọ́. Nítorí náà, àṣàyàn tí olùdìpọ̀ ṣe ní ìlú òkèèrè ń di owó tí akọrin san ní Accra.

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, okùn íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́rin tí ó gba abẹ́ òkun kọjá, ìyẹn WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ nítòsí Abidjan ní Côte d'Ivoire. Gánà, Nàìjíríà àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn wà lára àwọn tí ó jìyà rẹ̀. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ ni ìlànà ìdìpọ̀ ń fi àǹfààní rẹ̀ hàn. Debian ń fọwọ́ sí àtòkọ gbogbo ìdìpọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ ìdánimọ̀, àtòkọ náà sì ní àmì tí a fi ń mọ fáìlì kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, ilé-ẹ̀kọ́ lè da àkójọ ìdìpọ̀ kọ sórí díìsìkì kan, kí ó máa fi ọwọ́ pín in, kí ẹni tí ó gbà á sì lè yẹ̀ ẹ́ wò pé a kò fi ọwọ́ kàn án lójú ọ̀nà.

Ewu àti ìgbẹ́kẹ̀lé

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 2024, Andres Freund kéde pé ẹnìkan ti fi ilẹ̀kùn àṣírí sínú ẹ̀dà 5.6.0 àti 5.6.1 ti xz, irinṣẹ́ tí Debian pàápàá fi ń fún ìdìpọ̀ rẹ̀ pọ̀. Ohun tí ó mú un fura ni pé wíwọlé sí sáfà ń pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá. Ibi tí ẹni náà fi iṣẹ́ rẹ̀ pamọ́ sí ni ètò ìkọ́. Fáìlì tí ó ń tan iná rẹ̀ kò sí nínú kóòdù tí gbogbo ènìyàn ń wò. Inú àkójọ tí a gbé jáde fún àwọn olùdìpọ̀ nìkan ni ó wà, ó sì para pọ̀ mọ́ àwọn àṣẹ Autoconf tí ènìyàn púpọ̀ kì í kà. Nígbà tí a bá ń kọ́ ìdìpọ̀ Debian tàbí .rpm lórí irú kọ̀ǹpútà kan, ó máa ń tú kóòdù búburú jáde láti inú fáìlì tí a pè ní ti ìdánwò. A rí i kí ó tó dé àwọn ẹ̀dà Debian tí ó ti fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Ìṣẹ̀lẹ̀ náà fún iṣẹ́ kan tí Debian ti ń ṣe láti ọdún 2013 ní ìtẹnumọ́ tuntun: ìkọ́ tí ó ṣeé tún ṣe. Èrò rẹ̀ ni pé bí ènìyàn méjì, tí ọ̀kan wà ní Accra tí èkejì wà ní ìlú mìíràn, bá kọ́ kóòdù kan náà pẹ̀lú irinṣẹ́ kan náà, àbájáde wọn gbọ́dọ̀ bára mu dé orí bíìtì tí ó kẹ́yìn. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ohun kan wà tí ó yẹ kí a wádìí. Èyí kì í dènà ẹni tí ó bá fi kóòdù búburú sínú orísun fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń tú àṣírí ẹni tí ó bá yí ìdìpọ̀ padà lẹ́yìn ìkọ́.

Fún ilé ìpamọ́ ohùn, ìlànà yìí ní ìtumọ̀ tí ó kọjá ààbò. Kọ̀ǹpútà tí a fi da téèpù Nketia kọ kò ní pẹ́ títí, ètò ìṣiṣẹ́ tí ó wà lórí rẹ̀ yóò sì yí padà. Ohun tí ó lè dé ọwọ́ ìran tí ń bọ̀ ni ohùn náà, kóòdù tí ń kà á, àti àkọsílẹ̀ tí ó péye nípa bí a ṣe ń kọ́ kóòdù náà àti ohun tí ó gbára lé. Bí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá sọnù, fáìlì lè wà síbẹ̀ kí a má sì rí ẹni tí yóò gbọ́ ohun tí ó wà nínú rẹ̀.